Òkè Láńgbòdó Lórí Tábìlì: Òótọ́ àti Irọ́ Nípa Ìwé Tí Olùdarí Eré Yóò Kà

Irọ́: Ẹni tí kò bá ka Tolkien kò lè darí eré náà.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé eré yìí fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún á jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kan nínú wọn ni olùdarí: òun ló mọ ìlú, igbó, ọ̀tá àti ẹ̀bìtì tó wà lójú ọ̀nà. Àwọn tó kù, oníkálukú ló ní akọni tirẹ̀, òun ni yóò sì máa sọ ohun tí akọni rẹ̀ fẹ́ ṣe. Bí a kò bá mọ̀ bóyá ohun tó fẹ́ ṣe á bọ́ sí i, a ó da dáìsì, bí ìgbà tí a bá ń ta lúdò, àmọ́ òmíràn nínú dáìsì ibí máa ń ní ojú ogún. Ẹnu ni a fi ń ta èyí tó pọ̀ jù nínú eré náà. Èyí tó lókìkí jù nínú irú eré bẹ́ẹ̀ ni Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974.

Ní 1979, nígbà tí Gygax kọ ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn olùdarí, ó to orúkọ àwọn ìwé ìtàn kan sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó pè é ní Appendix N. Tolkien, tó kọ The Hobbit àti The Lord of the Rings, wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Gygax fẹ́ dárúkọ àwọn tí eré náà jẹ ní gbèsè jù, Robert E. Howard, Fritz Leiber, Jack Vance, H. P. Lovecraft, A. Merritt, àti de Camp pẹ̀lú Pratt ló kà sílẹ̀. Kò pe Tolkien mọ́ wọn. A kò lè sọ pé kò mú nǹkan kan lọ́dọ̀ Tolkien o. Àwọn hobbit, ẹ̀dá inú ìwé Tolkien, wà nínú ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ eré náà kí àwọn tó ni ẹ̀tọ́ sí wọn tó yarí, ìgbà náà ni wọ́n yí orúkọ wọn padà sí halfling. Àmọ́ ọ̀dọ̀ àwọn yòókù ni ọ̀pọ̀ nínú òfin tó mú eré náà rìn ti wá. Ẹ gbé òfin ti onídán yẹ̀ wò: ó gbọ́dọ̀ kọ́ ọfọ̀ sórí tẹ́lẹ̀, bó bá sì ti pè é tán, ó ti gbàgbé rẹ̀ nìyẹn, àfi kó tún un kọ́. Inú The Dying Earth, ìwé tí Vance tẹ̀ jáde ní 1950, ni Gygax ti yọ òfin náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí olùdarí tuntun rí nínú àkójọ yẹn ni pé ìwé tí ọkùnrin kan nífẹ̀ẹ́ sí ní Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn. The Palm-Wine Drinkard, tí Amos Tutuola ọmọ Abẹ́òkúta kọ, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, ó sì dé Amẹ́ríkà ní 1953, síbẹ̀ kò sí nínú àkójọ náà. Èmi kò bá Gygax jà. Ohun tó wà nítòsí rẹ̀ ló fi se ọbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìkéré, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Emùré nílẹ̀ Èkìtì náà lè bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó wà nítòsí tirẹ̀.

Irọ́: Ọwọ́ òyìnbó la ti gba ìtàn ẹgbẹ́ akọni tó jọ ń rìnrìn àjò.

Ọdún 1938 ni wọ́n bí Gygax. Ọdún náà ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. D. O. Fágúnwà, olùkọ́ iléèwé, ọmọ Òkè-Igbó, ló kọ ọ́. The Hobbit ti fi ọdún kan ṣáájú rẹ̀, àmọ́ ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án tó gbé òrùka rìn nínú The Lord of the Rings kò jáde àfi ní 1954. Kí ọdún náà tó pé, Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ iléèwé wa láti 1949.

Nínú Ògbójú Ọdẹ, ẹ wo àwọn tí ọba kó jọ, tó ní kí wọ́n bá Àkàrà-ògùn, ọdẹ tó ni ìtàn náà, lọ sí Òkè Láńgbòdó. Kàkó wà níbẹ̀, oníkùmọ̀ ẹkùn, ẹni tí ìjà kì í sú. Ìmọ̀dòye wà níbẹ̀, tí ààjà gbé lọ fún ọdún méje, tó fi padà wá di amòye. Olóhùn-iyọ̀ ni olórin wọn. Ẹ̀fọ́ìyẹ̀ ni tafàtafà. Ẹlẹ́gbẹ́dẹ-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko. Àràmàdà-ọkùnrin, ní tirẹ̀, bí ooru bá mú gbogbo ayé, òtútù ló ń mú un. Bí òtútù bá mú gbogbo ayé, kó máa làágùn. Ẹni tó ti ta Dungeons & Dragons rí á rẹ́rìn-ín nígbà tó bá ka orúkọ wọ̀nyí, nítorí ó ti mọ̀ wọ́n: jagunjagun, amòye, olórin, tafàtafà, ẹni tí igbó ń bá sọ̀rọ̀. Wálé Ògúnyẹmí sọ ìrìnàjò náà di eré orí ìtàgé tó pè ní Langbodo, òun sì ni Nàìjíríà gbé kalẹ̀ ní àjọ̀dún àṣà FESTAC ní 1977.

Ohun tí olùdarí máa rí kọ́ níbẹ̀ ju orúkọ lọ. Kò sí ẹni méjì nínú wọn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Bí ìṣòro bá dé tí kùmọ̀ Kàkó kò lè yanjú, ohùn ẹlòmíràn lè yanjú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùdarí tuntun ló máa ń kó ìjà mẹ́fà sí ọ̀nà àwọn akọni, tí ẹni tó yan olórin á wá jókòó tẹtẹrẹ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka ìrìnàjò Láńgbòdó á máa bi ara rẹ̀ léèrè kí eré tó bẹ̀rẹ̀: lónìí, níbo ni ti olórin wà? Níbo ni ti ẹni tó gbọ́ èdè ẹranko?

Irọ́: Ìtàn tó dùn nínú ìwé, bó ṣe wà náà ni kí ẹ gbé e sórí tábìlì.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀, mi ò sì ní yára kúrò lórí rẹ̀. Nígbà tí ìyá àgbà bá ń pàlọ́, elégbè ni àwa ọmọ. A lè kọrin, a lè pariwo, ṣùgbọ́n ìjàpá á lọ síbi tí ìyá àgbà bá ní kó lọ. Nínú eré tí à ń sọ yìí, àwọn elégbè ló ni ẹsẹ̀ ìjàpá. Wọ́n lè sọ pé àwọn kò lọ mọ́. Wọ́n lè fẹ́ ọmọ ọ̀tá. Bí olùdarí bá ti há ìtàn ìwé sórí láti orí dé ìdí, tó fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, yóò máa ti àwọn ènìyàn rẹ̀ bí ẹni ti mọ́tò tó kú, kò sì ní pẹ́ tí wọn yóò fi ní àwọn ní iṣẹ́ nílé.

Kí wá ni ká mú nínú ìwé? Ìpàdé ni. Ẹ wo Èṣù-kékeré-òde, tó ń ṣọ́ ibodè nínú Igbó Olódùmarè. Nínú ìwé, òun àti Olówó-ayé, akọni ìwé náà, fọ́nnu síra wọn títí, wọ́n sì wọ̀yá ìjà. Àwa kàwé, inú wa dùn, ó parí. Lórí tábìlì, olùdarí kò gbọ́dọ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìjà ló máa jẹ́. Ohun tó yẹ kó mọ̀ ni ohun tí oníbodè náà ń fẹ́, ohun tó ń bà á lẹ́rù, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Akópa kan á fi ẹ̀bùn lọ̀ ọ́. Èkejì á ní òun mọ ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀kẹta á ti máa wá ọ̀nà àtẹ̀yìnwá. Bí olùdarí bá ti mọ ohun mẹ́ta yẹn, gbogbo èsì ló ti wà lẹ́nu rẹ̀. Àgbákò inú Ògbójú Ọdẹ pẹ̀lú ojú mẹ́rìndínlógún rẹ̀ náà nìyẹn: bí ojú bá yí orí rẹ̀ ká, ta ló fẹ́ yọ́ gba ẹ̀yìn rẹ̀? Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn tó ìjókòó ìrọ̀lẹ́ kan.

Nígbà náà, bí ẹ bá fẹ́ yan ìwé, ẹ ṣí i láàárín, ẹ ka ojú ewé mẹ́wàá. Ẹ wò ó bóyá ẹ rí ẹnì kan tàbí ohun kan tó dúró lójú ọ̀nà, tó ní ohun tó ń fẹ́. Bí ojú ewé mẹ́wàá bá kọjá tó jẹ́ pé ohun tó wà nínú ọkàn akọni nìkan ni wọ́n ń sọ, ìwé náà lè dára púpọ̀, àmọ́ kì í ṣe òun ni kí olùdarí tuntun kọ́kọ́ mú.

Nǹkan mìíràn tún wà tí Fágúnwà mọ̀. Kò jẹ́ kí Àkàrà-ògùn sọ ìtàn rẹ̀ tán níjókòó kan. Baba náà á sọ ọ́ débì kan, á dìde, á lọ. Nígbà tó bá padà dé, èrò tó ń dúró dè é á ti pọ̀ sí i. Olùdarí tó bá mọ ibi tó yẹ kí òun ti dìde ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Irọ́: Bí oògùn bá ṣe pọ̀ tó nínú ìwé ni eré ṣe máa dùn tó.

Àkàrà-ògùn ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ń ṣe: ewu dé, ènìyàn pòórá, ó bá ara rẹ̀ nínú yàrá rẹ̀. Lójú ewé ìwé, èyí dùn. Ẹ fún akópa kan ní ẹ̀gbẹ́ tí kò ní òdiwọ̀n lórí tábìlì, kí ẹ wá wò ó bóyá ẹ̀bìtì kankan tún lè mú un. Òfin onídán tí Gygax yọ nínú ìwé Vance wúlò nítorí pé ó fi òdiwọ̀n sí agbára, àwọn babaláwo àti oníṣègùn wa sì mọ òdiwọ̀n dáadáa. Oògùn ní èèwọ̀. Òmíràn wà tí kì í ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ni ín bá jẹ nǹkan báyìí, tàbí bó bá gba abẹ́ nǹkan báyìí kọjá. Èèwọ̀ dára ju òǹkà lọ fún olùdarí, torí pé ọ̀tá lè wádìí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ mi ní ìṣirò agbára jù ni Tutuola. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ìwé rẹ̀. Àwọn tó rò pé wọ́n túmọ̀ rẹ̀ láti Yorùbá ṣì í, eré Ọ̀mùtí tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé ka orí ìtàgé ló sọ ọ́ di Yorùbá. Nínú ìtàn náà, ọ̀mù ẹmu àti aya rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà inú igi ńlá kan. Kí wọ́n tó wọlé, wọ́n ta ikú wọn ní pọ́n-ùn 70, ṣílè 18 àti kọ́bọ̀ 6. Wọ́n yá ẹlòmíràn ní ẹ̀rù wọn, èlé rẹ̀ sì jẹ́ pọ́n-ùn 3 àti ṣílè 10 lóṣooṣù. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n gba ẹ̀rù wọn padà, ṣùgbọ́n ikú tí wọ́n ti tà ti lọ nìyẹn. Láti ìgbà náà, wọn kò lè kú, àmọ́ ẹ̀rù lè bà wọ́n. Mi ò tíì rí òfin eré tó ṣe tààrà tó èyí nínú ìwé ìtọ́sọ́nà kankan. Ó ní iye, ó ní èlé, ó ní àbájáde tí ẹni tó tà á kò rò tẹ́lẹ̀.

Nínú ìwé yẹn kan náà ni ọkùnrin arẹwà kan wà tí ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé láti ọjà. Àṣé ńṣe ló háyà àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀. Bó ṣe ń wọ igbó lọ ló ń dá wọn padà fún àwọn tó ni wọ́n, tó ń san owó háyà, títí tó fi ku agbárí. Olùdarí tó bá ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó sì tún wá sọ pé òun kò ní ohun tí òun máa fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀lẹ ló ń ṣe é.

Irọ́: Ìwé tó gùn jù ló ń kọ́ni jù.

Ìtàn kúkúrú nínú ìwé ìròyìn ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí Howard kọ nípa Conan, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ìtàn Leiber nípa ọ̀rẹ́ méjì rẹ̀, Fafhrd àti Gray Mouser. Ìtàn kan, ìjókòó kan. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ìkéré tó ní ìdánwò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kò nílò ìdìpọ̀ mẹ́ta.

Kí n má tan ẹnikẹ́ni jẹ, Fágúnwà náà ní ibi tí kò ti bá tábìlì mu. Ó fẹ́ràn ìwàásù. Àwọn ọjọ́ tí àwọn ọdẹ fi gbọ́ ẹ̀kọ́ nílé Ìrágbèje ní Òkè Láńgbòdó gbádùn mọ́ ẹni tó ń kàwé, àmọ́ bí olùdarí bá gbìyànjú irú ọ̀rọ̀ gígùn bẹ́ẹ̀, fóònù ni gbogbo wọn á máa tẹ̀. Bákan náà, ọkùnrin ló ń rìnrìn àjò nínú ìwé rẹ̀, ìyàwó ni obìnrin sábà máa ń jẹ́, tàbí àjẹ́ bíi ti ìyá Àkàrà-ògùn. Bí ọmọbìnrin bá wà lórí tábìlì yín, ẹ fi Akata Witch ti Nnedi Okorafor, tó jáde ní 2011, kún un, níbi tí Sunny àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ti jọ ń kọ́ idán, tàbí Children of Blood and Bone ti Tomi Adeyemi, 2018, tí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Zélie jẹ́ akọni rẹ̀. Ilẹ̀ Ìgbò ni ti àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ tiwa ni èkejì ti yá àwọn òrìṣà rẹ̀.

Irọ́: Ẹ̀ṣẹ̀ ni, ìwé òrìṣà ni.

Iléèwé àwọn olùkọ́ ti St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ ni Fágúnwà ti kàwé, ilé ìtẹ̀wé ìjọ CMS ló sì kọ́kọ́ gbé Ògbójú Ọdẹ jáde. Ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1980 sí 1990, àwọn oníwàásù kan pariwo pé Dungeons & Dragons ń fa ọmọ sọ́dọ̀ èṣù; Gygax tí wọ́n ń bú jẹ́ Kristẹni. Mi ò ní pẹ́ níbí.

Ohun tó yẹ ká rò dáadáa ni òdìkejì rẹ̀. Ní 1980, àwọn tó ni eré náà gbé ìwé kan jáde tó ń jẹ́ Deities & Demigods. Wọ́n fún àwọn òrìṣà onírúurú ilẹ̀ ní òǹkà ẹ̀mí, kí akópa lè mọ iye idà tó máa pa wọ́n, títí kan àwọn òrìṣà Íńdíà tí wọ́n ṣì ń bọ lójoojúmọ́. Ọ̀tọ̀ ni dírágónì inú eré, ọ̀tọ̀ ni òrìṣà tí ènìyàn ń bọ. Ní Ìkéré, wọ́n ń ṣe ọdún òrìṣà Olósùnta lọ́dọọdún, àpáta rẹ̀ sì wà níbẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń rí i. Bí ẹnì kan bá fi Olósùnta ṣe ọ̀tá tí wọ́n máa pa lálẹ́ Sátidé kí wọ́n lè kó wúrà rẹ̀, ó ti ya aláìmọ̀kan, yálà ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ẹ jẹ́ kí òkè náà ga, kó dákẹ́, kó ní olórí àwọ̀rò tí àwọn akọni ní láti bá sọ̀rọ̀. Tàbí kí ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà. Bí ìtàn yín bá kan adé ìlú kan, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ yí orúkọ ibẹ̀ padà.

Irọ́: Ìwé ìtàn àròsọ nìkan ló lè kọ́ olùdarí.

Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, agbẹ́gilére, kò kọ ìwé kankan. Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni wọ́n bí i sí, Ìsẹ̀ ló dàgbà sí, ààfin Arínjálẹ̀, ọba ibẹ̀, ló ti ṣiṣẹ́, ó sì kú ní nǹkan bí 1938, lásìkò tí ìwé Fágúnwà ń bọ̀ lọ́nà. Láàárín 1910 sí 1914 ló gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà, ọba Ìkéré. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní 1924, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum sì gbà á. Àwọn kan rò pé wọ́n jí i gbé bíi ti àwọn ère Ìbíní. Kò rí bẹ́ẹ̀: wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba pààrọ̀ rẹ̀ fún Ògògà, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ òmíràn dípò rẹ̀. Bóyá pàṣípààrọ̀ náà tọ́ ni ẹ lè máa jiyàn lé.

Ohun tó wà lára ilẹ̀kùn ni mo fẹ́ kí olùdarí wò. Òyìnbó kan dé, àwọn tó rù ú ń làágùn, Ògògà jókòó ní tirẹ̀ pẹ̀lú adé, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nà kéékèèké ni Ọlọ́wẹ̀ pín in sí, nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹnì kan wà tó ń ṣe nǹkan tirẹ̀, tí àwọn kan sì yíjú sí wa bí ẹni pé wọ́n fẹ́ bi wá léèrè ohun tí a wá ṣe. Kò sọ bó ṣe parí. Olùdarí lè tẹ àwòrán ilẹ̀kùn náà, kó gbé e sáàárín tábìlì, kó ní: ẹ yan ẹnì kan níbẹ̀, òun ni yín.

Bí ẹ kò bá rí ìwé kankan rà lọ́sẹ̀ yìí, ìtàn àtẹnudẹ́nu wà. Wọ́n ní ọdẹ erin ni Ògògà àkọ́kọ́, pé láti Ìbíní ló ti tọ ipasẹ̀ erin dé ìhà ibí, tó sì bá àwọn ènìyàn tó ti ń gbé ibẹ̀, tí wọ́n ní olórí tiwọn. Ẹ yí orúkọ padà bí mo ṣe wí. Ọdẹ kan dé etí ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀, erin tó ń lé ti wọ inú oko ìlú náà, ó ti run iṣu, àwọn àgbà sì jókòó lábẹ́ igi. Àwọn akópa ni ọdẹ yẹn àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀. Olùdarí ni àwọn àgbà, òun ni erin, òun ni olóko tí inú ń bí. Kó bi wọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, kó sì pa ẹnu mọ́ títí ẹnì kan nínú wọn fi máa dáhùn.